Sàká àti Bẹ́ẹ̀dì Ilé Ìwòsàn
Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn yunifásítì méjì, LAUTECH àti Bowen. Ọ̀yọ́ ní ti ìjọba ìpínlẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 sì ka kíkọ aláìsàn pàjáwìrì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́ọ̀dù bá kún, ẹ̀ka pàjáwìrì ni aláìsàn tuntun yóò ti máa dúró. Káàkiri Nàìjíríà, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá máa ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà mìíràn, nítorí pé kò rí owó ìtọ́jú san. Onígbèsè nìyẹn, ó sì wà nínú àwọn mẹ́jọ tí Súrà At-Taobah, áyà 60, ní kí a fún ní sàká. Bí a bá san án, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò sì rí bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọ tirẹ̀ má baà di òrukàn. Kí Allāhu gbà á. Àmín.