Ìwé Tí Ó Jẹ́ Olùkọ́

Ní Kirikiri Lighter Terminal, ní agbègbè Àpápá, orí ilẹ̀ ni à ń sọ ẹrù ọkọ̀ ojú omi sí. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà tí kò yẹ kí ó fara kan ilẹ̀. Guru Granth Sahib ni, ìwé mímọ́ àwọn Síìkì, tí ẹ̀sìn wọn ṣẹ̀ ní Punjab.

Ní ọdún 1604 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sípò ní Amritsar. Ní 1708, Guru Gobind Singh, olùkọ́ wọn kẹwàá, sọ pé kò ní sí ènìyàn tí yóò jẹ Guru mọ́ lẹ́yìn òun. Ìwé náà ni Guru. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é bí ọba: orí ìrọ̀rí ni ó ń jókòó, aṣọ ìbòji wà lókè rẹ̀, wọ́n a sì máa ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́ yóò bọ́ bàtà, yóò sì bo orí.

Nítorí náà, bí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tàbí ilé ìkówèésí bá fẹ́ pàtẹ rẹ̀, kí ó gbé e ga ju ìwé yòókù lọ. Kí ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tí yóò gbé e fọ ọwọ́. Kí tábà má sún mọ́ ọn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó bi àwọn Síìkì léèrè.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ọpọ́n Ifá kan láti Aládà wà ní Ulm, ní Jámánì. Ó ti wà nínú ìwé àkójọ Weickmann láti 1659. Bí àlejò bá dúró níwájú rẹ̀, ṣé igi gbígbẹ́ lásán ni yóò rí ni, tàbí ohun tí babaláwo fi ń bá Ọ̀rúnmìlà sọ̀rọ̀?

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni à ń bá a pè é. Àwọn Síìkì ti pe tiwọn. Ó ku àwa.