Kí owó tó jáde lápò: bí a ṣe ń yan kámẹ́rà àlòkù fún àwòrán ìràwọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo òòrùn lójú pátápátá ní apá kan ilẹ̀ Gánà, Tógò àti Benin. Ẹni tí ó rí i kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó gbójú sókè lọ́jọ́ náà, àwọn mélòó ni ó ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́? Nígbà náà, ẹ̀rọ tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ń tó. Lónìí, irú ẹ̀rọ kan náà ń ti ilẹ̀ Yúróòpù bọ̀ wá sí Kútọnu nínú ẹrù àlòkù tí àwa ń pè ní «France au revoir». Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fara balẹ̀ tọ́jú owó lè ra ọ̀kan. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ó ra èyí tí kò ríran lóru.

Irú rẹ̀ ti ṣe èmi tí mo ń kọ̀wé yìí. Mo ra kámẹ́rà kan ní ọ̀sán gangan, mo fi ya ojú ènìyàn, ó dára. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, àmì pupa àti àmì búlúù kún inú àwòrán bí ẹni da ata gígún sí i. Owó oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán kì í fi àléébù irú ẹ̀rọ yìí hàn.

Kí ni kí a wá? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó jẹ́ kámẹ́rà ńlá tí a lè yọ ojú rẹ̀ kí a fi òmíràn sí i. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, àwo tí ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 22 sí 15, ó sì ju ti tẹlifóònù lọ jìnnà. Kí a lè fi ọwọ́ ara wa pinnu gbogbo ètò rẹ̀ lórí lẹ́tà M, kí ojú rẹ̀ lè ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ó kéré tán, kí ó sì lè tọ́jú àwòrán ní RAW.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a lè rí ìràwọ̀ lójú fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó yà á, kí a sì sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 10, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mú kí ó ṣe kedere. Canon 350D ti ọdún 2005 kò lè ṣe èyí. 450D àti 1000D ti ọdún 2008 lè ṣe é. Canon 600D ti ọdún 2011 àti Nikon D5300 ti ọdún 2013 tún ní fèrèsé tí a lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí tí ń gba ọrùn là. Kí ẹnikẹ́ni má fi iye mẹgapíkísẹ́lì tàn yín.

Bí òǹtajà bá sọ pé kámẹ́rà òun jẹ́ «défiltré», ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí: wọ́n ti yọ dígí tí ń dí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa àwọsánmà ọ̀run lọ́nà. Ó dára fún ìràwọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ìgbéyàwó tí ẹ bá fi yà yóò pọ́n.

Níwájú òǹtajà, ẹ ṣe ìdánwò mẹ́rin. Ẹ fi ìdérí bo ojú ẹ̀rọ, ẹ gbé ISO sí 1600, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì sọ àwòrán náà di ńlá. Àmì díẹ̀ kò burú; bí ó bá kún, tàbí bí ìlà bá là á já, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya ògiri funfun ní f/16: eruku tí ẹ bá rí ṣe é nù, ojú tí ó ti ha kò ṣe é tún ṣe. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú dígí kọjá, nítorí ọ̀rinrin etí òkun wa a máa hu èbu níbẹ̀. Ní ìparí, ẹ béèrè iye àwòrán tí ó ti yà. Ìlẹ̀kùn kékeré inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣírò fún bí ìgbà 100 000.

Ẹ má fi gbogbo owó ra ara ẹ̀rọ. Ojú 50 mm f/1.8, tí kò wọ́n, ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ojú 18-55 nígbà tí a bá fà á dé 50. Ẹ tún ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kì í mì. Nítorí pé ayé ń yí, ẹ fi 1,6 sọ mìlímítà ojú ẹ̀rọ Canon yín di púpọ̀, kí ẹ fi èsì rẹ̀ pín 500: 18 mm yóò fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 17, 50 mm yóò fún yín ní 6. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ìràwọ̀ yóò fà gùn bí okùn.

Ní ti àkókò, eruku ọyẹ́ ń bo ojú ọ̀run, ìkùukùu òjò sì ń dí i. Ẹ wá òru tí òjò ìparí ọdún ti fọ̀ mọ́, tí òṣùpá kò sí, ní oko Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ tí iná ìgboro kò dé.

Kí ẹ tó san owó tán, ẹ bẹ òǹtajà kí ó jẹ́ kí ẹ dán an wò lóru kan ṣoṣo. Bí ó bá gbà, ẹ ó fi ojú ara yín rí òtítọ́. Bí ó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.