Okùn Dígí tí Ń Sọ Ìnira Afárá àti ti Ara Ènìyàn

Àwa tí ń gba Ìdí Arère lọ sí Mápó mọ bí a ti ń yẹ ilé ògbólógbòó wò. A ó fi ojú tọ ibi tí ògiri gbé sán. Bí ó bá fẹ̀ ju ti èṣí lọ, a ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà. Ọ̀nà yìí kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá rí ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé okùn dígí kan tí ń sọ ìnira kí ojú tó rí i.

Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Bí a bá to mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mìlímítà kan péré ni wọn ó gbà. Ìmọ́lẹ̀ a máa sáré nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú rẹ̀ ni a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun dé Èkó, tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé owó. Báwo ni a ti ń mọ ibi tí irú okùn bẹ́ẹ̀ gbé já? Àwọn onímọ̀ a ta ìmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀ láti orí ilẹ̀, wọn a sì ka àkókò tí díẹ̀ fi padà. Bí ó bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀nà 1,000 kìlómítà ni. (Kí àwọn tí yóò ṣe ìṣirò yìí má gbàgbé pé àlọ àti àbọ̀ ni.)

Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé okùn tí kò tíì já pàápàá a máa sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1978, Kenneth Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí i pé a lè fi ìmọ́lẹ̀ kọ ilà wẹ́wẹ́ sínú dígí náà, tí yóò máa dá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo padà. Ẹ rántí gángan: bí onílù bá fún ọsán rẹ̀, ohùn a yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bí a bá na okùn yìí, tàbí bí ooru bá mú un, àwọ̀ tí ó ń dá padà a yí. Ẹ̀rọ a sì mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1993 ni a fi irú rẹ̀ sínú afárá Beddington Trail ní Calgary, kí ó lè máa sọ bí ẹrù ti ń wọ afárá náà lára.

Bí ènìyàn bá ṣubú lórí ọ̀kadà tí ó forí gbálẹ̀, ọpọlọ lè wú nínú agbárí, láìsí ẹni tí yóò rí i láti òde. Oníṣẹ́ abẹ lè lu ihò kékeré, kí ó ki okùn dígí tí ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ṣóńṣó bọ̀ ọ́. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú orí bá ti awọ náà, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà a yàtọ̀, dókítà a sì tètè mọ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ ní Ìkòyí wó, ó sì pa ju 40 ènìyàn lọ. A kò wí pé okùn dígí ìbá gbé e ró. Ìkìlọ̀ ni tirẹ̀, ènìyàn ni yóò gbọ́ ọ. Okùn fúnra rẹ̀ kò wọ́n, ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ó wọ́n. Nítorí náà a kò retí rẹ̀ lára ògiri amọ̀ Ìdí Arère. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tí ó ti wà láti ọdún 1942, àti àwọn afárá ńlá ni a rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, nítorí ẹ̀rọ kan lè máa ka ọ̀pọ̀ okùn.