Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Àyẹ̀wò Àǹfààní Tí Ó Wà fún Ọ̀jẹ̀-Wẹ́wẹ́ Òǹkọ̀wé Yorùbá

Ìfáàrà

Kò sí olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé ìwé àfọwọ́kọ wá bá. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni kí àwọn gbé iṣẹ́ àwọn gbà? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn àròsọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orílẹ̀-èdè yìí yóò rí ìdíje, ìwé àtìgbàdégbà àti ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tí ó lè kọrí sí. Ẹni tí ó kọ tirẹ̀ ní èdè Yorùbá a máa rò pé kò sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún òun. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ti ibẹ̀ fi èdè abínibí sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọn kò gbọ́ èdè náà, bí kò ṣe nítorí pé wọn kò mọ ọ̀nà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọ́ka sí àwọn ọ̀nà náà. A ó kọ́kọ́ wo bí àwọn aṣíwájú ṣe rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ìpéjọ, ìdíje àti ètò ìwé títẹ̀ bí wọ́n ṣe rí lónìí, kí a tó wá sọ̀rọ̀ lórí ìmúrasílẹ̀ tí ó yẹ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà Tí Àwọn Aṣíwájú Gbà

Bí a bá wo ìtàn lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá fínnífínní, a ó rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ni ó ti inú ilé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ atẹ̀wé tààrà. Ìwé ìròyìn ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni àwọn ènìyàn wa ti ń rí èdè wọn kà nínú ìwé ìròyìn. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News ní 1924. Inú rẹ̀ ni ó ti ń gbé ewì rẹ̀ jáde kí ó tó kó wọn jọ sínú ìwé ní 1927. Bákan náà ni I. B. Thomas. Inú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀, ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá ti kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàrin 1929 sí 1930. Ó wọ àwọn òǹkàwé lára débi pé àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni Ṣẹ̀gilọlá.

Ọ̀nà kejì ni ìdíje. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1936 ni ó mú kí D. O. Fágúnwà, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ọ̀nà kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1961 sí 1962. Ọdún 1970 ni eré-onítàn náà tó di ìwé títẹ̀. Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ nínú àpótí fún ọdún méjì má ṣe sọ̀rètí nù. Ọ̀nà kẹrin ni rédíò. Láńrewájú Adépọ̀jù, tí ó dolóògbé ní 2023, kò fi ìwé-ẹ̀rí yunifásítì di ìlúmọ̀ọ́ká. Ohùn rẹ̀ lórí rédíò àti nínú àwo orin ni ó gbé ewì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pàápàá.

Ohun tí a rí fàyọ nínú èyí ni pé ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí àwọn ènìyàn ti pàdé iṣẹ́ rẹ̀ yálà kí ó tó di ìwé tàbí láìjẹ́ pé ó di ìwé rárá. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́ kọ́kọ́ wá.

Àwọn Ibi Ìpéjọ

Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní Nsukka ní 1981 tí Chinua Achebe sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí a máa ṣe ìpàdé ìwé kíkà. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ọ̀pọ̀ àyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lọ déédéé lè bèèrè pé kí wọ́n fún òun láàyè láti ka ewì Yorùbá. Ní Èkó, ẹgbẹ́ CORA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni ó dá àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí a ń pè ní LABAF sílẹ̀ ní 1999. Freedom Park ni ó ti ń wáyé láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ náà di ibi ìgbafẹ́. Ní 2013 ni Lọlá Ṣónẹ́yìn dá àjọ̀dún Aké sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó tó gbé e lọ sí Èkó ní 2018.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré àwọn èyí tí kò lókìkí. Ọjọ́ Èdè Abínibí Lágbàáyé, tí àjọ UNESCO kéde ní 1999 tí a sì ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé láti ọdún 2000, jẹ́ ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ rédíò máa ń wá ẹni tí yóò ké ewì. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni náà a máa ṣe ọ̀sẹ̀ tiwọn, pẹ̀lú eré àti ewì.

Àǹfààní tí ó wà nínú ìpéjọ ju kí ènìyàn rí àtẹ́wọ́ gbà lọ. Àwùjọ Yorùbá kì í dákẹ́ gbọ́ ewì. Bí akéwì bá ṣi òwe pa, àgbàlagbà kan yóò tún un ṣe láti ibi tí ó jókòó sí. Bí ìlà kan bá gùn jù, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ nígbà tí èémí bá tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ó rò pé yóò panilẹ́rìn-ín kò bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, yóò padà lọ tún un gbé yẹ̀wò. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí yàrá ìkàwé kò lè kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Ìdíje

Ibí yìí ni bàtà ti ta òǹkọ̀wé Yorùbá lẹ́sẹ̀ jù. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí ilé-iṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ni owó rẹ̀ pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa. Ó ti di ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) dọ́là láti 2011. Ìtàn àròsọ, ewì, eré-onítàn àti ìwé àwọn ọmọdé ni ó ń yí kiri láàrin wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń gbà wọlé. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí Fágúnwà bá wà láyé lónìí, kò lè fi Ògbójú Ọdẹ du ẹ̀bùn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdíje ni ó bí ìwé yẹn. A kò sọ pé kí a fagi lé ẹ̀bùn ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a ń wí ni pé èdè tí kò ní ìdíje yóò máa pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́ èdè tí ó ní i. Àwọn elédè Kiswahili ti rí ọ̀nà àbáyọ: ní 2014 ni a dá ẹ̀bùn Mabati-Cornell sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí a bá kọ ní èdè wọn.

Síbẹ̀, ojú ọ̀nà kò dí pátápátá. Ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní 2017, ti gbé ìdíje kalẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ ní èdè Yorùbá, wọ́n sì ti ń gbé ewì àti ìtàn àwọn ẹlòmíràn jáde nínú Àtẹ́lẹwọ́ Pélébé. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ìdíje kankan kọ́kọ́ ka òfin rẹ̀ dáadáa: ṣé iṣẹ́ tí a kò tí ì tẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́? Báwo ni ó ṣe gbọdọ̀ gùn tó? Ta ni yóò ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìdíje?

Ìwé Títẹ̀ àti Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ló jẹ́ pé ìwé tí àjọ ìdánwò lè yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń wá. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ibẹ̀ ni ọjà dájú sí. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún olùkọ́ nìkan, kí ó máa sá fún ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà fẹ́ kà. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbàlagbà òǹkàwé wà. Ìwé ìròyìn Aláròyé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde déédéé ní 1996, fi hàn pé Yorùbá yóò fi owó ra ohun kíkà bí èdè rẹ̀ bá dùn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì kàn wọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà díẹ̀ tí ó lè tà níbi ìpéjọ. Yálà òun ni ó tẹ̀ ẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́, kí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, iṣẹ́ lítíréṣọ̀ wà lábẹ́ ààbò títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ẹ̀tọ́ náà kò sì lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nípa títà láìsí àkọsílẹ̀. Nítorí náà, ìwé àdéhùn tí a bá fi síwájú òǹkọ̀wé ni ó yẹ kí ó kà ju ìwé tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá nítorí owó kékeré kò ní í rí nǹkan kan gbà nígbà tí wọ́n bá sọ ìtàn rẹ̀ di sinimá, bí a ti sọ Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá di sinimá ní 1997.

Ìmúrasílẹ̀

Iṣẹ́ tí kò tẹ̀lé àkọtọ́ òde-òní, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, kì í pẹ́ lọ́wọ́ olóòtú. A ṣì ń rí ìwé àfọwọ́kọ tí a ti kọ “aiye” dípò “ayé”, “enia” dípò “ènìyàn”, àti “nwọn” dípò “wọ́n”. Àmì ohùn náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ “ọkọ” láìfi àmì sí i, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá ọkọ obìnrin ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí à ń jù lójú ogun? Ètò kọ̀ǹpútà tí ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, kò sì sí àwáwí mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí òǹkọ̀wé ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá jù ú lọ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ibikíbi.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìwé ìròyìn, ìdíje, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti rédíò ni àwọn aṣíwájú gbà wọlé, àti pé ìpéjọ, ìdíje àti ìwé àtìgbàdégbà wà fún àwọn tòde-òní bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀. Òǹkọ̀wé ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe, àwa tí a wà ní yunifásítì náà sì ní tiwa. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ó bá lè ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwọn ọ̀dọ́ láti ka iṣẹ́ wọn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, yóò ti ṣe ohun ńlá. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.