Èdè Ṣáínà: oníṣòwò àgbà náà lè kọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ ọjà tí a ń tà ní Dantokpa, láti orí tọ́ọ̀ṣì dé bàtà, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é. Oníṣòwò tó bá lọ rajà ní Guangzhou tàbí Yiwu láìgbọ́ èdè, ẹnu ògbufọ̀ ni yóò fi nájà.

Ibo la ti lè kọ́ ọ? Ilé Àṣà Ṣáínà wà ní Kútọnu láti ọdún 1988. Ilé-ẹ̀kọ́ Confucius sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní ọdún 2009.

Àwa ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan: ohùn. Bí ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ọkọ́ létí wa, bẹ́ẹ̀ ni “mǎi”, rírà, yàtọ̀ sí “mài”, títà. Bí ohùn bá yẹ̀, òǹrajà ti di òǹtajà nìyẹn.

Ẹ má fi ìwé kíkọ bẹ̀rẹ̀. Òǹkà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: “shí” ni ẹ̀wá, “yī” ni oókan, “shíyī” ni oókànlá. Lẹ́yìn náà, “Duōshao qián?”, ìyẹn “Èló ni?” Ẹ máa gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ẹ sì máa pè é sókè lójoojúmọ́.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá gbọ́ iye tí ọlọ́jà pè fúnra rẹ̀, ògbufọ̀ kò lè fi owó lé e fún un.