Ẹni A Bá Lábà Ni Baba

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láàárín àwa tí a ń gbé Rumuibekwe ní Port Harcourt, Fantasy Premier League ti kúrò ní eré ọmọdé. Ẹni tó bá gbẹ́yìn lóṣooṣù ló ń ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja fún gbogbo wa! Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn orí ìwé la fi ń ra agbábọ́ọ̀lù 15. Góòlù àtamátàsé jẹ́ máàkì 4. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú 60 ń gba 2, ẹni tó wọlé ṣùgbọ́n tí kò lò tó bẹ́ẹ̀ ń gba 1.

Bí agbábọ́ọ̀lù ìrọ́pò bá wá ṣí lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn ńkọ́, ṣé ká rà á?

Ẹ jẹ́ ká wo Kelechi Iheanacho. Ẹ̀yìn Sergio Agüero ló wà ní Manchester City, síbẹ̀ ó gbá góòlù 8 wọlé ní Líìgì 2015/16. Ó ṣí lọ sí Leicester ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀, àṣé Jamie Vardy ló máa bá lábà. Góòlù 3 ló jẹ ní 2017/18, ẹyọ 1 péré ní 2018/19. Kò gbàgbé bọ́ọ̀lù. Àyè ni kò rí. Nígbà tí kóòṣì Brendan Rodgers jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ máa gbá a ní 2020/21, góòlù 12 ló jẹ.

Nítorí náà, kí a tó náwó, ẹ jẹ́ ká bèèrè: ta ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀? Ṣé kóòṣì ń lo àtamátàsé méjì? Orúkọ kì í gba máàkì. Ìṣẹ́jú orí pápá ló ń gbà á.