Mo Di Ọ̀gá, Mi Ò Mọṣẹ́ Mọ́

Nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ráyè sọ tán: bí wọ́n ṣe sọ mí di mánéjà níbi iṣẹ́ mi ní Atlanta níbí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ kóòdù. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, èmi ni wọ́n máa ń pè. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ènìyàn mẹ́fà sábẹ́ mi. Wọ́n rò pé ẹni tó bá mọṣẹ́ á mọ bí wọ́n ṣe ń darí ènìyàn.

Irọ́ ni. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Tó bá kọ kóòdù lọ́sàn-án, èmi á tún un kọ lálẹ́. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi, ó ní òun ti ń wá iṣẹ́ míì, torí kò sí ìlà kan tí òun kọ tí mo jẹ́ kó dúró. Mi ò rí nǹkan sọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Andy Grove, ẹnjiníà tó di ọ̀gá Intel, kọ High Output Management ní 1983. Ó ní iṣẹ́ mánéjà kì í ṣe ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ohun tí àwọn ènìyàn ẹ̀ bá ṣe jáde ni. Google ní tiwọn gbìyànjú láti mú àwọn mánéjà ẹnjiníà kúrò ní 2002. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá wọn padà, torí gbogbo ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ló ń já sọ́dọ̀ Larry Page. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní Project Oxygen. Ìwà mẹ́jọ ni wọ́n rí lára mánéjà tó dáa. Kéèyàn mọ̀ ọ́n tọ́ni sọ́nà ló ṣíwájú. Ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ? Òun ló gbẹ̀yìn. Ó ṣì wà níbẹ̀ ṣá o, torí èèyàn ò lè tọ́ni sọ́nà lórí ohun tí kò yé òun fúnra ẹ̀.

Mo wá rántí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ìyá mi ní Mushin. Bébà ló máa ń fún ọmọṣẹ́ gé kó tó fún un láṣọ, kì í sì í gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀. Ni mo bá bẹ ọmọbìnrin yẹn pé kó fún mi ní oṣù mẹ́ta sí i. Mo fún un ní iṣẹ́ kékeré tí àṣìṣe ò ti lè ba nǹkan jẹ́, tí yóò sì jẹ́ tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní báyìí, mo máa ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. (Calendly ni mo fi ń ṣètò àkókò. Tope Awotona, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, ló dá a sílẹ̀ ní Atlanta níbí ní 2013. Ẹ ò rí nǹkan?) Màá béèrè pé, "Kí ni ìwọ rò pé ká ṣe?" Lẹ́yìn náà màá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù! Ṣe ni mo máa ń kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin... Nígbà míì mo máa ń dé ẹ̀jọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà ò lọ mọ́. Lóṣù tó kọjá, nǹkan bàjẹ́ lóru, òun ni wọ́n pè. Àárọ̀ ni mo tó gbọ́. Ká sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀.